Sọ́kẹ́ẹ̀tì ayọnọ́ọ̀tì: àgbéyẹ̀wò irinṣẹ́ fún nọ́ọ̀tì tó gan, tí orí rẹ̀ sì ti jẹ

Irinṣẹ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni àpótí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún nọ́ọ̀tì tí orí rẹ̀ ti jẹ, tí sípánà kankan kò sì lè dì mú mọ́. Àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ní ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin máa ń pè é ní extractor. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ayọnọ́ọ̀tì ni èmi yóò máa pè é. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan lára. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 10 ló wà nínú àpótí oníke rẹ̀: wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 9 mm títí dé 17 mm láìfo ìwọ̀n kankan, 19 mm ló sì kẹ́yìn wọn, pẹ̀lú ọ̀pá irin kékeré kan tí a fi ń ti nọ́ọ̀tì jáde kúrò nínú wọn. Iṣẹ́ ọkọ̀ ara mi ni mo ń fi ṣe nínú ọgbà ilé wa, ó sì ti pẹ́ tó lọ́wọ́ mi kí n tó jókòó kọ̀wé nípa rẹ̀. Ìdájọ́ mi ni pé ẹni tó bá ń tún ọkọ̀ tòkunbọ̀ ṣe nílé gbọ́dọ̀ ní i lẹ́yìn tó bá ti ra sípánà, jáàkì àti ẹsẹ̀ irin tí a fi ń gbé ọkọ̀ ró, àmọ́ kí ó mọ̀ pé ìgbà tí a bá lò ó ló ń sọ bí yóò ṣe ṣiṣẹ́ tó. Bí a bá mú un jáde nígbà tí nọ́ọ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kùnà. Bí a bá dúró títí tí síséèlì (irin ẹlẹ́nu mímú tí a fi ń gé irin) àti òòlù fi ti ba nọ́ọ̀tì náà jẹ́ tán, kò ní ohun tí yóò dì mú mọ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí irinṣẹ́ yìí fi kan àwa tó ń wa ọkọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá gan-an. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń gba èbúté Èkó wọlé ni wọ́n ti lò ní Amẹ́ríkà, àwọn kan nínú wọn sì wá láti ìpínlẹ̀ tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀, bíi Michigan, Ohio àti New York. Iyọ̀ ni wọ́n ń fọ́n sí ojú títì níbẹ̀ nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, omi iyọ̀ yẹn ni táyà sì ń ta sí abẹ́ ọkọ̀ lọ́dọọdún. Ọkọ̀ náà lè dé Èkó pẹ̀lú ọ̀dà tó ń dán, kí inú rẹ̀ sì mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sókè tí a wo ìdí sàlẹ́ńsà, a óò rí i pé àwọn nọ́ọ̀tì ibẹ̀ ti pọ́n, wọ́n sì ti wú. Ìpẹtà máa ń gba àyè ju irin tó ti ara rẹ̀ jáde lọ, ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá kún inú tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà tó lọ́ yí ara bóòtì àti inú nọ́ọ̀tì ká, nọ́ọ̀tì àti bóòtì á di ọ̀kan. Ọkọ̀ tí kò jáde kúrò ní Nàìjíríà rí náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àgàgà ti àwọn tó ń gbé ní Lẹ́kkí àti agbègbè etíkun, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń gbé iyọ̀ wá bá irin lójoojúmọ́.

Kí nọ́ọ̀tì gan jẹ́ nǹkan kan. Kí orí rẹ̀ jẹ, ọwọ́ ènìyàn ló sábà máa ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a mú nọ́ọ̀tì 14 mm. Bí a bá wọ̀n ọ́n láti ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ kan dé èyí tó kọjú sí i, 14 mm ni, ṣùgbọ́n láti igun kan dé igun òdìkejì, ó lé díẹ̀ ní 16 mm. Ìyàtọ̀ bíi 2 mm yẹn, tó jẹ́ 1 mm péré ní igun kọ̀ọ̀kan, ni gbogbo ohun tí sípánà ní láti dì mú. Bí igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ti yọ́, nọ́ọ̀tì á di róbótó, sípánà á sì máa yí lórí rẹ̀ lásán.

Ohun tó sì ń mú kí igun wọ̀nyí yọ́ kò ṣòro láti rí nínú àpótí irinṣẹ́ wa. Ọ̀pọ̀ sípánà tí à ń rà lọ́jà ni wọ́n da ti ínǹṣì pọ̀ mọ́ ti mílímítà. Sípánà ìdajì ínǹṣì jẹ́ 12.7 mm, yóò wọ nọ́ọ̀tì 12 mm láìjanpata, ṣùgbọ́n àyè 0.7 mm tó ṣẹ́kù tó láti jẹ́ kí ó máa re igun nìkan dípò kí ó tẹ ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì. Sípánà 9/16 ínǹṣì jẹ́ 14.3 mm, ó sún mọ́ 14 mm débi pé ọwọ́ ẹni tó ń lò ó kò ní fura. Lórí nọ́ọ̀tì tó mọ́ tí kò le, kò sí ewu púpọ̀. Lórí èyí tó ti gan, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun 12 náà wà nínú ẹ̀bi yìí, nítorí ìtòsí igun ni ó ti máa ń kan nọ́ọ̀tì, nígbà tí sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà máa ń gba ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ mú dáadáa. Bí mo bá ní àṣẹ, kò sí ẹni tí yóò fi onígun 12 kan nọ́ọ̀tì ìdí sàlẹ́ńsà láé.

Inú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa mọ̀ dúró gbọọrọ láti ẹnu dé ìsàlẹ̀. Ti ayọnọ́ọ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, inú rẹ̀ ń fún bí a ti ń wọlé lọ, eyín mímú sì yí i ká, tí wọ́n lọ́ sí òdìkejì ọ̀nà tí tírẹ́ẹ̀dì nọ́ọ̀tì gbà lọ́. Nígbà tí a bá fi òòlù gbá a wọ orí nọ́ọ̀tì, tí a sì yí i sí apá òsì láti ṣí i, lílọ́ eyín náà ni yóò máa fa sọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé sí i. Bí a bá ṣe ń fi agbára kún un tó ni eyín náà ń wọ ara nọ́ọ̀tì tó. Kò bìkítà bóyá igun wà tàbí kò sí, nítorí kì í ṣe igun ló ń wá. Irin inú nọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ ló ń bù jẹ. Nítorí náà ló ṣe jẹ́ pé bí sípánà gidi bá ti yọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré lórí nọ́ọ̀tì, mo máa ń dáwọ́ dúró, mo sì máa ń mú àpótí yìí. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn: ìgbà kejì àti ìgbà kẹta tí sípánà bá yọ̀ ni yóò gba irin tí ayọnọ́ọ̀tì ìbá rí jẹ.

Ohun kan wà nípa ìwọ̀n inú àpótí yìí tí ẹni tó ní Toyota tàbí Honda lè má tètè rí. Orí nọ́ọ̀tì àti bóòtì ọkọ̀ Japan máa ń jẹ́ 8, 10, 12, 14, 17 àti 19 mm. Bóòtì tó nípọn 8 mm ní orí 12 mm, èyí tó nípọn 10 mm ní orí 14 mm, èyí tó nípọn 12 mm sì ní orí 17 mm. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá wo àpótí náà fi lè rò pé kò sí ohun tí òun fẹ́ fi 11, 13, 15 àti 16 ṣe, pé àwọn tó ń wa ọkọ̀ Jámánì ni wọ́n ṣe é fún. Òdìkejì rẹ̀ ni mo bá pàdé. Nọ́ọ̀tì 14 mm tí ìpẹtà ti jẹ, tí a sì ti fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀, kì í ṣe 14 mm mọ́. 13 ló ń bá a mu. Èyí tó jẹ́ 12 mm tẹ́lẹ̀ lè di ti 11. Àwọn ìwọ̀n tó dà bí èyí tí kò wúlò ni mo lò jù lọ. Bí o bá rí àpótí tó dín owó, tí wọ́n sì yọ àwọn ìwọ̀n wọ̀nyẹn kúrò nínú rẹ̀, fi í sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo fi mọ agbára rẹ̀ ni ti àwọn nọ́ọ̀tì tó so páìpù sàlẹ́ńsà pọ̀ lábẹ́ Corolla kan tó wá láti Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ le ju ibòmíràn lọ, nítorí pé iná inú sàlẹ́ńsà ń mú irin gbóná, ó tún ń tutù, omi àti iyọ̀ tún ń bá a níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha orí nọ́ọ̀tì àti ṣóńṣó bóòtì tó yọ jáde, nítorí pé tírẹ́ẹ̀dì tó wà níta yìí ni nọ́ọ̀tì yóò gbà jáde. Bí ìdọ̀tí bá wà lára rẹ̀, nọ́ọ̀tì tó ti tú yóò tún gan lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn èyí ni mo da epo tó ń wọ inú ìpẹtà sí i, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo sì tún da òmíràn sí i kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 ni mo yàn. Mo fi ọwọ́ gbé e lé orí nọ́ọ̀tì, kò wọlé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí ó rí, nítorí èyí tí ọwọ́ lè tì wọlé ti tóbi jù. Mo fi òòlù gbá a títí tí ìró rẹ̀ fi yí padà láti ìró irin òfìfo sí ìró irin tó dì. Nígbà náà ni mo fi ọ̀pá gígùn kọ́ ọ, mo sì fà á díẹ̀díẹ̀ láìjá a. Ó kọ́kọ́ rọra yí bí ẹni pé ó ń yọ̀, ìyẹn ni ìgbà tí eyín ń wá ibi tí yóò wọ̀. Lẹ́yìn náà ló dúró gbagidi, lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀tì ké, ó sì tú. Ẹni tó bá ti gbọ́ igbe nọ́ọ̀tì tó ń tú lẹ́yìn ìjàkadì mọ bí inú mi ti dùn tó.

Mo ní láti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ fífà díẹ̀díẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ ló mọ̀ pé bí nọ́ọ̀tì bá gan, ó dára kí a yí i díẹ̀ sí òsì, kí a tún dá a padà sí ọ̀tún, kí a máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ìpẹtà yóò fi fọ́. Ayọnọ́ọ̀tì kò lè ṣe èyí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni eyín rẹ̀ ń gbà jẹ irin; bí a bá yí i sí ọ̀tún, yóò kàn bọ́ sílẹ̀ ni. Nítorí náà ni gbogbo ìpalẹ̀mọ́ tó yẹ kí ó tú ìpẹtà, ìyẹn epo, iná àti gbígbá orí nọ́ọ̀tì, fi gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá fo ìpalẹ̀mọ́ yìí, tó sì gbára lé ọ̀pá gígùn, irinṣẹ́ náà kò ní já a kulẹ̀, yóò di nọ́ọ̀tì mú dáadáa; bóòtì ni yóò ṣẹ́. Mo ka èyí sí àléébù tó tóbi jù lọ lára rẹ̀, ìwé kékeré inú àpótí kò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ní ti epo, WD-40 ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọdún 1953 ni Rocket Chemical Company ní San Diego ní Amẹ́ríkà ṣe é, láti máa lé omi kúrò lára irin kí irin má bàa dípẹtà. 40 tó wà nínú orúkọ rẹ̀ tọ́ka sí ìgbìyànjú ogójì tí wọ́n ṣe kí ó tó gún. Ó wúlò, mo sì máa ń lò ó láti fọ ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kí a wọ inú tírẹ́ẹ̀dì tó ti gan kọ́ ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Àwọn tó ṣe é náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n ní òmíràn fún irú iṣẹ́ yìí lábẹ́ orúkọ WD-40 Specialist. Epo mìíràn tó ń jẹ́ PB Blaster náà jẹ́ èyí tí a ṣe fún un. Àwọn mẹkáníìkì wa máa ń lo kẹrosíìnì tàbí dísù, kò sì burú bí a bá fún un ní àkókò. Àwọn kan máa ń da ọ́ìlì jíà ọ̀tọmátíìkì àti acetone pọ̀ ní ìdajì sí ìdajì. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọn méjèèjì máa ń pínyà nínú ìgò, nítorí náà a gbọ́dọ̀ gbọ̀n ọ́n kí a tó dà á, a kò sì gbọdọ̀ mú iná sún mọ́ ọn rárá. Èyí tó wù kí a lò, àkókò ló ń ṣiṣẹ́ ju epo lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó.

Iná ni ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí epo ti kùnà. Irin ń fẹ̀ bí ó bá gbóná. Bí ihò nọ́ọ̀tì bá jẹ́ 10 mm, tí a sì mú kí nọ́ọ̀tì náà fi 200 °C gbóná ju bóòtì inú rẹ̀ lọ, ihò náà yóò fẹ̀ ní nǹkan bíi 0.024 mm. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ìpẹtà kò lè nà bí irin ti ń nà. Fífọ́ ni yóò fọ́, ìyẹn sì ni à ń wá. Nọ́ọ̀tì ni kí a dojú iná kọ, kì í ṣe bóòtì, nítorí bí àwọn méjèèjì bá jọ gbóná, wọ́n á jọ fẹ̀. Iná gáàsì kékeré tí a ń fi ọwọ́ mú tó fún un. Kò di dandan kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Ṣùgbọ́n ibi tí iná kò gbọdọ̀ dé pọ̀ lábẹ́ ọkọ̀: ìtòsí táǹkì àti páìpù epo, rọ́bà búréèkì, rọ́bà orí ìsopọ̀ ẹsẹ̀ táyà, àti nọ́ọ̀tì tó ní ike nínú, tí iná yóò yọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fín èròjà ìfọ-búréèkì tó ní chlorine sára irin kí ó sì tan iná sí i, nítorí èéfín tó ń ti ibẹ̀ jáde jẹ́ májèlé gidi tó lè pa ènìyàn. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi zinc bò pẹ̀lú máa ń mú èéfín tó ń fa ibà àti ìrora ara jáde bí ó bá gbóná gan-an. Nítorí èyí, ìta gbangba ni mo máa ń ti ṣe é, kì í ṣe inú gárééjì tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi jáàkì nìkan gbé ọkọ̀ dúró fún iṣẹ́ yìí. Fífa ọ̀pá gígùn lábẹ́ ọkọ̀ ń mi ọkọ̀ náà, jáàkì sì lè yẹ̀. Ẹsẹ̀ irin méjì lórí ilẹ̀ tó le, igi tàbí òkúta lẹ́yìn táyà tó kù, àti awò ojú, nítorí pé ẹ̀rún ìpẹtà kékeré tó bá bọ́ sójú kì í fẹ́ jáde: àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣejù.

Àwọn àléébù mìíràn wà lára àpótí náà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kúrú. Ojú ihò onígun mẹ́rin tí a fi ọ̀pá bọ̀ jẹ́ 3/8 ínǹṣì, èyí tó jẹ́ 9.5 mm. Bí ṣóńṣó bóòtì bá yọ jáde púpọ̀ lórí nọ́ọ̀tì, yóò lọ kan ìdí ọ̀pá kí eyín tó dé ara nọ́ọ̀tì. A dúpẹ́ pé ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ní igun mẹ́fà níta, tí a lè fi sípánà olóju yíyí, kí bóòtì sì gba inú ihò kọjá. Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ ṣá o: bóòtì 8 mm yóò kọjá nínú ihò 9.5 mm, ti 10 mm kò ní kọjá. Fún irú èyí, mo máa ń fi ayùn irin gé ṣóńṣó bóòtì náà kúrò kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan kò jinlẹ̀, ọ̀dà funfun inú rẹ̀ sì ti ń pa rẹ́, tó fi jẹ́ pé mo ní láti máa wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jókòó sí nínú àpótí. Eyín sọ́kẹ́ẹ̀tì 12 ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀. Ti àwọn yòókù ṣì mú. Ní ti nọ́ọ̀tì tó há sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tó bá ti tú, ọ̀pá irin kékeré inú àpótí ń tì í jáde bí a bá gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì lé orí fáìsì tó la ẹnu díẹ̀, tí a sì fi òòlù gbá a. Kò ṣòro, ó kàn ń fẹ́ sùúrù ni. Nọ́ọ̀tì tó bá jáde níbẹ̀ kò wúlò mọ́. Eyín ti jẹ gbogbo ara rẹ̀, nítorí náà kí a ti ra tuntun sílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Bí mo bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀nà yòókù, èyí ni bí mo ṣe rí i. Fáìsì gíríìpù, irinṣẹ́ ọwọ́ tí ẹnu rẹ̀ máa ń tì pa mọ́ ohun tó bá dì mú, tí alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ William Petersen gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1924 ní De Witt ní ìpínlẹ̀ Nebraska, ṣì jẹ́ irinṣẹ́ ńlá níbi tí àyè bá wà láti dì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì, tí nọ́ọ̀tì náà kò sì gan jù. Lábẹ́ ọkọ̀, àyè yẹn kì í sábà sí, ìmú rẹ̀ sì máa ń yọ̀ bí a bá fi gbogbo ara fà á. Síséèlì àti òòlù ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ títì ń lò. Mo bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ wọn. Mo ti rí èyí tó fi síséèlì gé ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì, tó sì yí i jáde láìkan tírẹ́ẹ̀dì bóòtì rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nílé kò ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, ojú irin tó wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì ni yóò sì máa gé. Irinṣẹ́ tó ń la nọ́ọ̀tì sí méjì dára púpọ̀, kì í ba bóòtì jẹ́ bí a bá fara balẹ̀, àmọ́ ó ń fẹ́ àyè yí nọ́ọ̀tì ká, ìdí sàlẹ́ńsà kì í sì í fún un. Ọ̀nà tó lágbára ju gbogbo wọn lọ ni kí wẹ́dà jó nọ́ọ̀tì tuntun mọ́ orí èyí tó jẹ, nítorí iná wẹ́dà fúnra rẹ̀ yóò ti tú ìpẹtà kí a tó fi sípánà kàn án. Nígbà tí ayọnọ́ọ̀tì bá kùnà, ọ̀dọ̀ wẹ́dà ni mo ń lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ síséèlì. Kí a yọ wáyà bátìrì kúrò kí ó tó tan iná, nítorí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀.

Nọ́ọ̀tì kan wà tí mi ò ní fi irinṣẹ́ yìí kàn bí kò bá di dandan, òun ni ti páìpù búréèkì. Ó rọ̀, páìpù gba àárín rẹ̀ kọjá, sọ́kẹ́ẹ̀tì kò sì lè gbé orí rẹ̀ láìgé páìpù. Sípánà tí wọ́n ṣe fún un, tí ẹnu rẹ̀ yí nọ́ọ̀tì ká tó sì la àyè kékeré sílẹ̀ fún páìpù, ni kí a fi ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀tì tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́ ti apá òsì, tó jẹ́ pé ọ̀tún ló ń ṣí sí, kò sí ohun tí ayọnọ́ọ̀tì yìí lè ṣe fún un.

Fún ẹni tó bá fẹ́ rà á, yálà ní Ládìpọ̀, ní Owódé Onírin tàbí ní Gate ní Ìbàdàn, mi ò ní kọ iye owó, nítorí pé kò dúró sójú kan. Ohun tó yẹ kí ó wò nìyí. Kí ó ṣí àpótí náà níwájú ẹni tó ń tà á. Kí ó fi ọwọ́ kan eyín inú sọ́kẹ́ẹ̀tì mélòó kan. Kí ó mú débi tí ara yóò fi mọ̀ ọ́n, kí ẹnu eyín kọ̀ọ̀kan sì rí bákan náà. Kí igun mẹ́fà wà níta. Kí wọ́n kọ Cr-Mo sí i, èyí tó tọ́ka sí irin tí a fi chromium àti molybdenum ṣe, tó lè gba ìgbálù. Cr-V, tó wà lára ọ̀pọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì ọwọ́, le dáadáa ṣùgbọ́n ó lè sán bí a bá fi ẹ̀rọ tó ń gbá nọ́ọ̀tì yí i. Lẹ́tà lára irin kò tó ẹ̀rí ṣá o. Èmi mú nọ́ọ̀tì tó ti jẹ kan láti ilé lọ, mo ní kí ọ̀gá tó ń tà á jẹ́ kí n fi òòlù gbá ọ̀kan lé e lórí ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbà tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ẹni tí kò bá gbà, ọjà rẹ̀ kò dá a lójú.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, nọ́ọ̀tì tuntun ni kí ó wọlé, pẹ̀lú gírísì onídẹ tó lè fara da iná lórí tírẹ́ẹ̀dì ìdí sàlẹ́ńsà, kí ẹni tí yóò tú u lọ́jọ́ iwájú má bàa jìyà. Kí a má fi gírísì yẹn sí nọ́ọ̀tì táyà, nítorí yóò jẹ́ kí nọ́ọ̀tì fún ju bí a ṣe rò lọ. 103 N·m (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì dì) ni ti táyà Corolla àti Camry, lórí tírẹ́ẹ̀dì tó gbẹ tó sì mọ́. Bí a ti mẹ́nu kan táyà, àpótí yìí tó ẹni tó ní Honda, nítorí 19 mm ni nọ́ọ̀tì táyà rẹ̀. Ti Toyota jẹ́ 21 mm, kò sì sí nínú rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí a ra ayọnọ́ọ̀tì 21 mm, èyí tó nípọn tó gùn tí ọ̀pá ìdajì ínǹṣì ń wọ̀, kí a sì fi í sínú búùtù pẹ̀lú jáàkì.